Bí Àgbájọ Mẹ́tàlì Ṣe Ń Di DNA Mú, àti Ẹ̀rí Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Jẹ́ Nípa Rẹ̀

Àwọn àgbà tí wọ́n fi owó kòkó rán wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkirè àti Àpòmù mọ òkúta aláwọ̀ aró kan dáadáa. Wọ́n á yọ́ ọ sínú omi, wọ́n á pò ó mọ́ ẹfun, wọ́n á sì fọ́n ọn sí ara igi kòkó nígbà òjò kí èso rẹ̀ má baà dúdú, kí ó má sì jẹrà lórí igi. Bàbà ni ó wà nínú òkúta náà. Bàbà kan náà ni a fi ṣe wáyà tí ó gbé iná wọ ilé wa, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí yóò ká wáyà mọ́ ara igi kòkó kí ó sì retí pé àrùn yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú bàbà fúnra rẹ̀ bí kò ṣe nínú àwọn ohun tí ó rọ̀gbà yí i ká àti bí ó ṣe so mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n sọ nínú ìwé ìrántí àjọ̀dún yìí, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn oògùn jẹjẹrẹ tí a ń lò jù lọ ní ayé dúró lé, oògùn tí àwọn ènìyàn wa ń gbà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú méjì tí ọ̀nà wa so pọ̀.

Nínú kẹ́mísìrì, a kì í sábà bá mẹ́tàlì ní òun nìkan nínú omi. Ó dà bí ọba tí kì í jókòó láìsí ìjòyè. Mẹ́tàlì wà láàárín. Àwọn ẹ̀yà mìíràn, bí omi, amóníà tàbí kilorínì, dúró yí i ká, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀, mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà. Odidi wọn, àti ọba àti ìjòyè, ni mo ń pè ní àgbájọ mẹ́tàlì nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìdánwò kẹ́mísìrì fún WAEC yóò rántí pé a máa ń da amóníà díẹ̀díẹ̀ sínú omi òkúta aláwọ̀ aró. Ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí sánmà á kọ́kọ́ dì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Bí a bá tún fi amóníà kún un, gbogbo rẹ̀ á yọ́, omi náà á sì di àwọ̀ aró tí ó jinlẹ̀ bí aṣọ tí aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ ọ́ sílẹ̀ bí olùkọ́ ti wí, a gba máàkì wa, a sì bá tiwa lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ìjòyè ni ó pààrọ̀: omi kúrò, amóníà gba ipò rẹ̀. Bàbà kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọ̀ yí padà, nítorí pé apá tí àgbájọ tuntun náà ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ti àkọ́kọ́ ń gbé mì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀rí tí a ó gbọ́ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo DNA. Òun ni ìwé àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, èyí tí ó ń sọ bí a ó ṣe rí àti bí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe ṣiṣẹ́. Ní 1953, James Watson àti Francis Crick fi hàn pé ó rí bí àkàbà tí a lọ́ bí okùn. Wọ́n gbára lé àwòrán tí Rosalind Franklin àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Raymond Gosling fi ìtànṣán X-ray yà ní London. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ìwé náà, A, T, G àti C. A máa ń dojú kọ T, G máa ń dojú kọ C, méjì-méjì wọn sì ni ìtẹ̀sẹ̀ àkàbà. Láti ìtẹ̀sẹ̀ kan dé èkejì kò ju ìdá 0.34 nínú nánómítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù nánómítà ni ó wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí a bá na DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tán, yóò gùn tó mítà méjì. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àkàbà náà ní agbára iná alámì ìyọkúrò, ọ̀pọ̀ mẹ́tàlì inú omi sì ní ti àròpọ̀. Fún ìdí èyí, wọ́n fa ara wọn mọ́ra kí a tó dá sí i rárá. Ohun tí onímọ̀ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé.

Inú ìtàn plátínọ́ọ̀mù ni a ti rí ìdáhùn tí ó ṣe kedere jù lọ. Ní 1844, ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Michele Peyrone, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ṣe àgbájọ kan tí ó ní plátínọ́ọ̀mù láàárín, amóníà méjì àti kilorínì méjì. Ìyẹ̀fùn olómi ọsàn ni, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí a lè fi ṣe. Ní 1893, Alfred Werner ti ìlú Zürich ṣàlàyé bí àwọn ìjòyè ṣe ń dúró yí mẹ́tàlì ká, iṣẹ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún ní 1913. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé àgbájọ Peyrone ní ìbejì. Nínú ọ̀kan, kilorínì méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú èkejì, wọ́n kọjú sí ara wọn, plátínọ́ọ̀mù sì wà láàárín wọn. Ohun kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì, iye wọn kò sì yàtọ̀. Èkíní ni a ń pè ní cisplatin lónìí.

Ó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó tún béèrè rẹ̀. Barnett Rosenberg, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ̀ bóyá iná mànàmáná lè dí pípín sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ó ti abẹ́bẹ̀ plátínọ́ọ̀mù méjì bọ inú omi tí bakitéríà wà, ó sì tan iná. Àwọn bakitéríà náà kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò pín mọ́. Wọ́n kàn ń gùn, títí tí àwọn kan fi gùn ju bí ó ti yẹ lọ ní ìlọ́po 300. Ó rọrùn fún un láti kéde pé iná ni ó fà á, kí ó sì kọ ìwé rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wádìí títí wọ́n fi rí i pé plátínọ́ọ̀mù díẹ̀ ń yọ́ kúrò lára abẹ́bẹ̀ náà, ó ń bá amóníà àti kilorínì inú omi pàdé, ó sì ń di àgbájọ. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 1965. Ní 1969 wọ́n fi hàn pé cisplatin ń wo kókó jẹjẹrẹ lára eku; ní 1971 a fún aláìsàn àkọ́kọ́; ní 1978 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Nínú ọkùnrin mẹ́wàá tí jẹjẹrẹ kórópọ̀n bá ti tàn káàkiri ara wọn nígbà náà, bóyá ni ẹnì kan fi ń yè é. Lẹ́yìn tí cisplatin dé, ó súnmọ́ ẹni mẹ́jọ. Ìbejì rẹ̀ kejì kò wo ohunkóhun.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, iyọ̀ pọ̀, kilorínì inú iyọ̀ náà sì mú kí ti ara cisplatin dúró sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ibi tí kilorínì ti dín kù gidigidi, àwọn kilorínì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò, omi á sì bọ́ sí ipò wọn. Omi kì í dì mọ́ plátínọ́ọ̀mù pẹ́. Bí àgbájọ náà bá dé ọ̀dọ̀ DNA, lẹ́tà G ni ó máa ń wá jù lọ. Ó á di G kan mú, ó á sì na ọwọ́ kejì sí G tí ó wà nítòsí rẹ̀ gan-an. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbejì rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí ara wọn kò lè di lẹ́tà méjì tí ó tẹ̀ léra mú lọ́nà yìí. Nígbà tí ó bá fa lẹ́tà méjèèjì súnmọ́ ara wọn, àkàbà á tẹ̀. Stephen Lippard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán títẹ̀ náà ní 1995. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá fẹ́ ka ìwé rẹ̀ kí ó lè pín sí méjì á kan ojú-ewé tí ó ti ká kò. Bí kò bá lè tún un ṣe, yóò kú. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í sinmi pípín, nítorí náà ni ó ṣe ń tètè bọ́ sínú pàkúté yìí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá náà ní DNA, oògùn náà kò sì mọ èyí tí a rán an sí. Ibẹ̀ ni ìyà tí aláìsàn ń jẹ ti ń wá.

Irú dídìmú báyìí le bí ìdè; ó ṣòro láti tú. Kì í ṣe gbogbo àgbájọ mẹ́tàlì ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀yà pẹlẹbẹ lára, wọ́n sì ń wọ àárín ìtẹ̀sẹ̀ méjì bí a ṣe ń fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín ojú-ewé Bíbélì. Leonard Lerman ni ó kọ́kọ́ dá èyí lábàá ní 1961. Bí wọ́n bá wọ ibẹ̀, ìtẹ̀sẹ̀ méjèèjì á jìnnà sí ara wọn tó ìlọ́po méjì, DNA á sì gùn sí i. Àwọn mìíràn á tẹ́ ara wọn sínú kòtò tí ó yí àkàbà náà ká, wọn kò sì ní wọ inú rẹ̀; àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, fífà tí iná ìyọkúrò àti ti àròpọ̀ ń fa ara wọn nìkan ni ó so wọ́n mọ́ ọn, wọn kò sì ní pẹ́ ṣí kúrò. Bàbà inú òkúta àgbẹ̀ wa pàápàá, bí a bá fi ẹ̀yà pẹlẹbẹ kan tí ń jẹ́ phenanthroline ṣe ìjòyè fún un, lè gé DNA sí wẹ́wẹ́. A ti mọ èyí láti 1979. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí fi ẹnu kan òkúta náà o! Májèlé ni, kò sì yẹ kí ó wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Bí ohun gbogbo yìí bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, báwo ni onímọ̀ ṣe mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀? Obìnrin tí ó ń dín dòdò ní Ìkirè kì í bi ọ̀gẹ̀dẹ̀ léèrè bóyá ó ti pọ́n tó. Àwọ̀ ni ó ń wò, àwọ̀ ni yóò sì tún wò nínú epo gbígbóná kí ó tó fa dòdò rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ń lò ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àfi pé ó fi nọ́ńbà kún un. Ó á rán ìmọ́lẹ̀ gba inú omi kọjá, á sì wọn iye tí ó jáde ní òdì kejì. Ìyókù ni omi náà gbé mì. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí wà láàárín 400 sí 700 nánómítà. Èyí tí DNA ń gbé mì jù lọ wà ní nǹkan bí 260, tí ojú wa kò lè rí. Nítorí náà ni omi DNA ṣe mọ́ gaara lójú wa. Gíláàsì lásán pàápàá ń gbé apá yẹn mì, ìdí nìyẹn tí ife kékeré onígun mẹ́rin tí a ń lò fi jẹ́ ti quartz, tí owó rẹ̀ sì ń ba olórí ẹ̀ka nínú jẹ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọ́ ọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó da omi àgbájọ mẹ́tàlì sínú ife, a ó sì kọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbé mì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó máa fi DNA kún un ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. DNA tí a yọ lára ọmọ màlúù ni a sábà máa ń lò, nítorí pé ó rọrùn láti rí rà. Bí ẹ̀yà pẹlẹbẹ bá ń wọ àárín àwọn ìtẹ̀sẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbé mì yóò máa dín kù, góńgó àwòrán náà yóò sì yẹ̀ sí apá tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti gùn jù. Bí ó bá jẹ́ kòtò ni ó tẹ́ sí, àyípadà náà sábà máa ń kéré. Láti inú bí àwòrán náà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni a ti ń ṣírò bí dídìmú náà ti lágbára tó.

Ọ̀nà kejì ń lo aró pupa kan tí ń jẹ́ ethidium bromide. Nínú omi lásán, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tàn kò tó nǹkan. Bí ó bá wọ àárín ìtẹ̀sẹ̀ DNA, á tàn yòò. A ó jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jókòó, bí èrò tí ó ti gba ìjókòó nínú ọkọ̀ Ìbàdàn, a ó sì wá mú àgbájọ mẹ́tàlì wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ń kú, ó lè jẹ́ pé àgbájọ náà ti lé e dìde. Mo ní ó lè jẹ́. Ó tún lè jẹ́ pé ethidium ṣì wà ní ìjókòó rẹ̀, tí àgbájọ náà kàn dúró nítòsí, tí ó sì ń pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kí a tó dá ẹjọ́, irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ sì dára gidigidi nínú yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí tí mo fọkàn tán jù lọ kò tilẹ̀ lo ìmọ́lẹ̀. A ó jẹ́ kí omi DNA ṣàn gba inú páìpù gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nínú omi tí ooru rẹ̀ kò yí padà, a ó sì fi aago ka ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀. Bí ohun kan bá wọ àárín ìtẹ̀sẹ̀, DNA á gùn sí i, omi náà á ki sí i, kò sì ní tètè ṣàn mọ́.

Àgbájọ kan wà tí ó ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ruthenium ni mẹ́tàlì àárín rẹ̀. Jacqueline Barton, Jean-Pierre Sauvage àti àwọn alájọṣe wọn ni wọ́n sọ nípa rẹ̀ ní 1990. Nínú omi, òkùnkùn ni. Bí a bá fi DNA kún un, á tan ìmọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì iná lára ògiri. Omi ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá wọ àárín ìtẹ̀sẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ omi.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìlọrin ti ń so bàbà, síńkì, kóbáltì àti níkẹ́lì mọ́ onírúurú ẹ̀yà, títí kan oògùn ibà àti oògùn kòkòrò àrùn, láti mọ̀ bóyá agbára wọn yóò pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà nínú àwọn ohun tí ọwọ́ wa lè tẹ̀. Èyí tí ń fi X-ray ya àwòrán àgbájọ wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ olùwádìí ni ó sì ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí òkè òkun nítorí rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣọ́ra fún ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń parí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀: pé àgbájọ wa di DNA mú, nítorí náà a ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Dídìmú nínú ife quartz kò tíì sọ fún wa bóyá ohun náà lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, bóyá yóò dá sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá sí, tàbí ohun tí kíndìnrín yóò rí. Cisplatin fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìpatì nítorí kíndìnrín, kí àwọn dókítà tó rí i pé omi púpọ̀ ni ó lè dáàbò bò ó.

Èyí ni ó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ sábà máa ń gba cisplatin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní àsìkò tí ó ń gba ìtọ́jú onítànṣán. Àwọn mọ̀lẹ́bí a máa ráhùn pé omi iyọ̀ ni nọ́ọ̀sì fi ń gba àkókò wọn kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn tí ó bá parí. Omi náà ni ó ń fọ kíndìnrín, iyọ̀ inú rẹ̀ ni ó sì ń mú kí kilorínì dúró lára plátínọ́ọ̀mù títí yóò fi dé ibi tí a rán an. Ẹ má ṣe bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó yára fà á tán. Kí aláìsàn má ṣe lo àgbo tàbí oògùn ara ríro bí ibuprofen láìsọ fún dókítà, nítorí pé wọ́n lè dá kún wàhálà kíndìnrín. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dín kù, bí ìka rẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí bí ó bá ń gbọ́ ariwo nínú etí tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó so àpò tí ó kàn kọ́.